Ọba Tó Pa Orúkọ Òrìṣà Rẹ́

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ohun tó mú kí ẹni tó ń bọ igba òrìṣà yàtọ̀ sí ẹni tó ń sin ọ̀kan ṣoṣo, wọn á ní iye ni: ti ẹnì kan pọ̀, ti ẹnì kejì jẹ́ ẹyọ kan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìtàn ọba Íjíbítì kan ló yí mi lérò padà.

Amenhotep Kẹrin lorúkọ tó fi gorí oyè ní nǹkan bí ọdún 1353 ṣáájú ìbí Kristi. Òrìṣà kún ilẹ̀ náà bámúbámú. Amun ni ọ̀gá wọn ní ìlú Thebes. Osiris ló ni ọ̀ràn àwọn òkú. Bes, aràrá onírùngbọ̀n, ló ń ṣọ́ aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bọ Amun láàárọ̀ lè bọ Bes lálẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Kódà, nígbà tí Amun di ńlá, ńṣe ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Ra, òrìṣà oòrùn, wọ́n ń pè é ní Amun-Ra.

Aten ni ọba yìí fẹ́ràn, ìyẹn oòrùn tí gbogbo wa ń fojú rí. Ìyẹn kò tíì burú; bàbá rẹ̀ náà bọ̀wọ̀ fún Aten. Nígbà tó di bí ọdún karùn-ún lórí oyè, ó sọ ara rẹ̀ di Akhenaten, ó sì tẹ ìlú tuntun dó sí aṣálẹ̀, níbi tí a ń pè ní Amarna lónìí. Nígbà tó yá ló wá rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde tòun ti irin àti òòlù, pé kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Amun kúrò lára òkúta níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ẹ gbọ́ o: wọ́n gun òpó òkúta tí Hatshepsut gbé nàró ní Karnak, tó ga tó bíi mítà 29, nítorí orúkọ tó wà lókè rẹ̀! Orúkọ bàbá tó bí ọba lọ́mọ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí pé Amun wà nínú “Amenhotep”. Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ náà “àwọn òrìṣà” ni wọ́n pa rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó ní púpọ̀ lè fi ọ̀kan kún un láìsí wàhálà. Ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa ṣe sí àwọn yòókù. Mi ò ní tàn yín, ẹ̀kọ́ Akhenaten ní ohun rere tirẹ̀: orin ìyìn Aten tó wà nínú ibojì Ay sọ pé Aten kan náà ló dá ará Síríà àti ará Núbíà, kì í ṣe ará Íjíbítì nìkan.

Ṣùgbọ́n ní Amarna gan-an, lábẹ́ imú ọba, wọ́n hú ère Bes àti ti Taweret, òrìṣà tó dà bí erinmi, nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin tó ń rọbí kò lè dúró de oòrùn kó yọ. Àbí àwa náà ò mọ ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tó sì mọ ọ̀nà ilé babaláwo?

Akhenaten lo bí ọdún 17 lórí oyè. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọba ọmọdé kan tó ń jẹ́ Tutankhaten di Tutankhamun, wọ́n sì tún ilé Amun ṣe. Ó wá kan àwọn ọlọ́pọ̀ òrìṣà láti pa orúkọ rẹ́: àkọsílẹ̀ àwọn ọba tó wà ní Abydos fo Akhenaten dá. Ọba Horemheb tú ilé Aten ní Karnak, ó sì ki òkúta rẹ̀ sínú ẹnubodè ńláńlá tó ń kọ́ fún Amun. Nígbà tí wọ́n tú àwọn ẹnubodè náà ní ọ̀rúndún ogún láti tún wọn ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta ló jáde, oòrùn Akhenaten ṣì ń na ọwọ́ sílẹ̀ lára wọn.