Ìpè Asọ̀rọ̀mágbèsì: Bí Jíjí Ẹ̀rọ Láti Òkèèrè Ṣe Dé Ìgbèríko Ìbàdàn

Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ilé àti oko ti jìnnà síra níbẹ̀. Ilé wà láàrin ìlú, lábẹ́ mọ́gàjí. Oko wà lẹ́yìn odi, ní apá ibi tí a ń pè ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí. Ìránṣẹ́ àti àrokò ló ń so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ẹni tí a fẹ́ pè bá wà nítòsí, ìlù ni a fi ń pè é. Onílù á lu oríkì rẹ̀, á tún un lù, á tún un lù. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni oríkì nìkan ló ń dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń fi ìlù jí ọba láàárọ̀.

Ní 1901 ni rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1907, ó ti gba Lálúpọn kọjá, ó sì ti dé Òṣogbo. Wáyà tẹlígíráàfù bá irin rìn, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí oko àwọn àgbẹ̀ láìdúró kí wọn. Lẹ́yìn náà ni àpótí Redifúṣọ̀n dé: Èkó kọ́kọ́ ní i ní 1935, Ìbàdàn ní 1939. Àpótí yìí kò ní ohun tí a fi ń wá ìkànnì. Kókó tí a fi ń mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí sílẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ iléeṣẹ́ tó wà lódì kejì wáyà ni àṣẹ wà: wọ́n bá ṣí i, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n bá pa á, ó dákẹ́ nínú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn. Abúlé tí wáyà kò dé kò mọ̀ ọ́n. Rédíò alábátìrì ló padà bá àgbẹ̀ lọ sóko, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959.

Kọ̀ǹpútà wọ ilẹ̀ yìí pẹ̀lú iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963, iléeṣẹ́ IBM sì dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi tó yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà tí ń dúró tì í. Kò sí ẹni tó ronú jíjí i láti òkèèrè, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kéré tó láti jókòó sórí tábìlì, tó sì pọ̀ nínú ilé kan, ó di dandan kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bob Metcalfe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethernet ní iléeṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà ní 1973. Nínú ètò tó jáde láti ibẹ̀, káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ń gba orúkọ tirẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, báìtì 6, tí a kò retí pé kí káàdì mìíràn jẹ́. Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe ní oríkì.

Ohun tó sọ oríkì náà di ìpè ni owó iná. Ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò Energy Star sílẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ kàn: èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò gbọ́dọ̀ máa tòògbé. Ní 1993, wọ́n pàṣẹ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba máa rà. Ọ̀ràn tuntun sì yọjú. Àwọn tó ń ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ lóru fún ọ́fíìsì ńláńlá ń bá wọn lójú oorun, ta ni yóò máa rìn láti tábìlì dé tábìlì jí wọn?

Ọdún 1995 ni ìyípadà gan-an dé. Ṣáájú rẹ̀, ṣíwíìṣì kọ̀ǹpútà ń gé iná kúrò pátápátá. Bí a bá ti pa á, ó ti kú. Ètò ATX tí Intel gbé jáde lọ́dún náà fi iná kékeré kan sílẹ̀, fóòlùtì 5, tí kì í lọ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà lára ògiri. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti ń sun oorun ìyá ìkókó. Lọ́dún yìí kan náà ni AMD àti Hewlett-Packard gbé Magic Packet jáde. Báìtì 102 ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ìró kan ṣoṣo, bí ẹni ń kan ìlù kí etí lè ṣí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ káàdì ń tẹ̀lé e ní ìgbà 16, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn láàrin wọn. A ń ké e sí gbogbo ẹ̀rọ inú àgbàlá, èyí tó ni orúkọ sì ń jí. Kì í sábà kọjá ẹnu ọ̀nà àgbàlá náà, nítorí rútà kì í jẹ́ kí irú igbe bẹ́ẹ̀ jáde. Kì í sì í gba èsì. Ní 1997, IBM àti Intel fún un ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́: Wake-on-LAN.

Gbogbo ètò yìí dúró lórí iná tí kì í kú, ìtàn iná sì gba ọ̀nà mìíràn ní ìgbèríko Ìbàdàn. Wọ́n dá iléeṣẹ́ iná mànàmáná ECN sílẹ̀ ní 1950. Ó di NEPA ní 1972, PHCN ní 2005. Ní 2013, iléeṣẹ́ aládàáni gba pínpín iná agbègbè Ìbàdàn. Orúkọ ń yí padà, NEPA kò kúrò lẹ́nu èèyàn. Nígbà tí iná bá lọ ní Mọ́níyà tàbí ní Akanran, fóòlùtì 5 náà bá a lọ, káàdì sì di adití. Nígbà tó bá padà dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tàn kí káàdì tó tún lè máa tẹ́tí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò tún un ṣe, nítorí ẹni tó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ni yóò pa á. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, níbi tí a ti lè pàṣẹ fún un pé kí ó tàn nígbàkígbà tí iná bá dé. Ẹni tó bá yan èyí kò nílò ìpè mọ́; ìgbà tí àwọn ọmọdé bá kígbe "Up NEPA!" ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń jí. Àṣẹ tún padà sọ́wọ́ ẹni tó wà lódì kejì wáyà, bíi ti 1939.

Ìdánwò JAMB, èyí tí a fi ń wọ yunifásítì, ló wá sọ ọ̀ràn yìí di ti ojoojúmọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe é ní 2013. Láti 2015, kò sí ọ̀nà mìíràn. Kí gbọ̀ngàn tó lè di ibùdó ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà 250 ó kéré tán, kí gbogbo wọn sì wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan. Ọwọ́ tí yóò tẹ bọ́tìnnì 250 kí àwọn ọmọ tó dé ní ìdájí ní iṣẹ́ púpọ̀ níwájú, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni a sì ṣe ìpè báìtì 102 fún. Kì í gbọ́ràn nígbà gbogbo. Windows 8 ti ọdún 2012 mú irú pípa kan wá tí ìpè kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ àfi bí a bá yí ètò rẹ̀ padà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ sì fò sókè. Sólà àti bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Bátìrì kì í dákẹ́ nítorí pé a ti ilẹ̀kùn. Nínú gbọ̀ngàn tí ó bá ti gbé iná ró di òwúrọ̀, iná wínníwínní tó wà lẹ́yìn káàdì ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àgbà lè pe 250 lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde, yóò rìn wọ gbọ̀ngàn, yóò sì máa ka iye tó jí.