Àwọn Ibi Ìtàn tí ó Yẹ kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ̀ ní Lọ́kọ́jà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ní Lọ́kọ́jà, ìtàn àti àrọ́bá jọ ń gbé ojúlé kan náà ni. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wa, ó yẹ kí a mọ èyí tí a ó fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Láàárín Òkè Patí àti odò ni ìlú náà wà. Ọ̀rọ̀ Nupe ni "pati"; òkè ni ó túmọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, ìpàdé yìí ni ó sì fa àwọn àlejò wá. Ní 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ígálà láti dá oko síbẹ̀. Ibà pa òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú ìrìn àjò náà, oko sì tú ká. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà pẹ̀lú wọn. Ní 1854, ó tún bá Dókítà William Baikie lọ. Baikie fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì, ẹyọ òyìnbó kan kò sì kú. Baikie yìí ni ó padà wá tẹ ibùdó Lọ́kọ́jà dó ní nǹkan bí 1860.

Ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity: Crowther ni ó dá a sílẹ̀ ní 1865, ọdún kan lẹ́yìn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pá irin méjì wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Irin Òmìnira. Ìtàn ìlú ni pé ẹrú tí ó bá dé ibẹ̀ ti di òmìnira.

Àwọn itẹ́: Àwọn òyìnbó tí ó kú síbẹ̀ ní itẹ́ tiwọn. Ìlú yìí náà ni wọ́n sin àwọn ẹ́míà tí Gẹ̀ẹ́sì yọ lóyè sí. Aliyu, Ẹ́míà Kánò tí wọ́n mú ní 1903, Lọ́kọ́jà ni ó kú sí ní 1926. Ẹni tí ó wá jọba lé wa lórí àti ọba tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni ó gbé wọn mì.

Òkè Patí: Ilé ìsinmi Lugard wà lókè, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń rí odò méjèèjì. Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀ ní January 1, 1900, tí Lugard sì kéde ìjọba Àríwá.

Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé orí òkè yìí ni Flora Shaw ti wo odò, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè wa lórúkọ ní 1914. Kò rí bẹ́ẹ̀. January 8, 1897 ni ó kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn The Times ní London. 1902 ni ó tó fẹ́ Lugard.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Orúkọ àlejò ló pọ̀ jù nínú ìtàn tí a kà yìí, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ̀wé. Àwọn Òwòrò, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, àwọn Nupe, Ẹbira, Bassa àti Hausa náà ní ìtàn tiwọn ní àfonífojì yìí. Ẹ mú ọmọ yín gun òkè náà. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà.