Okùn Tó Ń Ha, Okùn Tó Há

Ní Cocody, l'Ábíjàn, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni lórin ní INSAAC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà. Bí okùn gìtá bá ń pariwo lára irin ọrùn rẹ̀, "friser" ni onígìtá tó ń sọ Faransé máa pè é. Ọmọ Ẹjígbò tó dàgbà sí Ábíjàn, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, lè mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, "ohùn rẹ̀ ò dáa" ni yóò sọ.

Ìyẹn kò tó. Àbùkù okùn ju ẹyọ kan lọ, àtúnṣe wọn sì yàtọ̀. Ẹni tí kò bá dárúkọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èèkàn orí gìtá ni yóò kàn máa yí ṣáá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò dá lórí irú nǹkan báyìí. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló gbájú mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àyàn ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Onídùndún a fún ọsán kí ohùn lè ga, a dẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, "fún" àti "dẹ̀", bá gìtá mu wẹ́kú. Okùn karùn-ún yẹ kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-dín-lọ́gọ́fà, ìyẹn 110, ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbé gìtá kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti tutù, bọ́ sínú oòrùn Cocody: irin okùn á gùn sí i, ohùn á wálẹ̀. Okùn ti dẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni "ha" àti "há". Okùn tó ń ha, irin ọrùn ló ń ha lára bó ṣe ń gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé okùn sún mọ́ irin jù, tàbí pé ọrùn gìtá ti tẹ̀ sẹ́yìn, tàbí pé irin kan yọ ju àwọn yòókù lọ. Èèkàn kò lè wo èyí sàn; ẹ gbé okùn sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ tún ọrùn ṣe. Okùn tó há ní tirẹ̀, inú ojú tóóró tí wọ́n là sára eegun òkè ọrùn ló ti há. Ẹ ó yí èèkàn títí, ohùn kò ní yí, lójijì ni yóò ró "tá!", tí yóò sì fò kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kun ojú náà, okùn á máa yọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Àbùkù kan tún wà tó ń tan akọ́ṣẹ́ jẹ. Okùn dún dáadáa lófìfo, ṣùgbọ́n ní irin kejìlá, níbi tó yẹ kí 110 okùn karùn-ún di 220 géérégé, ó ga jù. "Ohùn ṣìnà" ló yẹ é. Lórí gìtá oníná, ẹ sún ìjókòó okùn sẹ́yìn, kí okùn lè gùn sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ gìtá tó ń sọ Yorùbá, l'Ábíjàn àti l'Ékòó, ẹ kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí wọn. Bí "há" bá pàdánù àmì rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ máa tún ọrùn gìtá tí kò bàjẹ́ ṣe.