George Town (Penang)

George Town jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Penang ní orílẹ̀-èdè Malaysia, ó sì wà lórí erékùṣù. Francis Light, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1786 fún ilé-iṣẹ́ East India Company. Nítorí pé wọn kì í gba owó ibodè ní èbúté rẹ̀ nígbà náà, àwọn oníṣòwò Ṣáínà, Íńdíà àti Lárúbáwá ya wá bá àwọn Malay.

Ní àyíká òpópónà Jalan Masjid Kapitan Keling ni àlejò ti ń rí àdàlù yìí kedere. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì St George's, tẹ́ńpìlì Kuan Yin ti àwọn ará Ṣáínà, tẹ́ńpìlì Sri Mahamariamman ti àwọn Híńdù àti mọ́ṣáláṣí Kapitan Keling.

Oúnjẹ náà ń sọ ìtàn kan náà. Nasi kandar, ìrẹsì tí wọ́n bu onírúurú ọbẹ̀ sí, gba orúkọ lára ọ̀pá tí àwọn Mùsùlùmí Tamil fi ń gbé e kiri léjìká.

UNESCO fi ìlú náà sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2008, pẹ̀lú Melaka. Ọkọ̀ ojú omi láti Butterworth tàbí afárá méjì ni arìnrìn-àjò lè gbà dé ibẹ̀ láti orí ilẹ̀.