Ṣakabùlà àti Alágbẹ̀dẹ: Ìtàn Ìbọn Ọdẹ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ní òru Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ìlú Igangan ní Àríwá Ìbàràpá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá ti kú, iná ti jó ààfin ọba, ó sì ti jó ilé àti ọkọ̀. Nígbà tí ìròyìn náà tàn ká, ẹni tó rán wọn àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí. Ìbéèrè kan wà tí kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀: irú ìbọn wo ló wà nílé ọdẹ Ìbàràpá lóru ọjọ́ náà, kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé irú èyí tí baba baba rẹ̀ fi ṣọdẹ náà ni?

Ṣakabùlà ni. Ìbọn tí à ń ki láti ẹnu ni, tó jẹ́ pé bó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, àfi kí olúwa rẹ̀ tún mú ẹtù, kí ó tún mú ọta, kí ó tún mú ọ̀pá ìkìbọn. Kì í ṣe pé ọdẹ kò mọ ìbọn mìíràn. Òfin ló fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún un, alágbẹ̀dẹ ló sì ń bá a mú un wà láàyè.

Ìlú méje ni wọ́n ń pè ní Ìbàràpá: Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Igangan. Igbó àti ọ̀dàn ló pàdé níbẹ̀, ilẹ̀ tó dára fún iṣu àti ẹ̀gẹ́, tó sì dára fún òyà, ẹtu àti àgbọ̀nrín. Ní ọ̀rúndún tó kọjá sẹ́yìn èyí tó kọjá, ilẹ̀ náà kò jìnnà sí ojú ogun. Ìjàyè tó wó ní 1862 wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. Kétu tí àwọn ọmọ ogun Dahomey pa run ní 1886 wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ní irú ibẹ̀, ọdẹ kì í ṣe apẹran lásán. Òun ni aṣọ́de, òun ni ẹni tó mọ ipasẹ̀ àjèjì nínú igbó kí ará ilé tó gbọ́ ohunkóhun.

Ìbọn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àbáláyé. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé nígbà ogun Òwu, ní bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ etíkun ló ní ìbọn, idà gígùn tí wọ́n ń pè ní agẹdẹngbẹ ló sì wà lọ́wọ́ àwọn ará Òwu. A mọ bí ogun náà ṣe parí. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi dé ìdajì, kò sí balógun tó lè kó ènìyàn jáde láìní ìbọn.

Ìbọn Dane ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun. Àwọn ló ni odi Christiansborg ní Accra títí wọ́n fi tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti ń jáde, Liège ní Belgium náà sì ń ṣe é. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni. Wọ́n ṣe é fún títà ní Áfíríkà. Ọmọ ogun tiwọn kò ní fi ọwọ́ kan púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí ìbọn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fa bí ọdẹ ṣe ń ṣọdẹ. Bí ìka bá fa apátí, irin tó di òkúta mú yóò gbá irin mìíràn, iná yóò ta sí ẹtù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, iná náà yóò sì gba ihò tín-ín-rín kan wọlé lọ bá ẹtù tó wà nínú. Láàrin iná òde àti ariwo inú, àkókò kékeré kan máa ń kọjá. Ó kéré lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tó fún àgbọ̀nrín tó gbọ́ ìró irin láti fò. Bí ẹtù bá tutù, iná òde nìkan ni yóò tàn, ọdẹ yóò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èéfín lójú, ẹran yóò sì ti lọ.

Inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́. Kò ní àwọn ìlà tó ń mú kí ọta máa yí bí ó ti ń lọ, èyí tó ń jẹ́ kí ọta ráífù lọ tààrà. Ọta ṣakabùlà ní láti kéré díẹ̀ sí ihò ọ̀pá kí ó tó lè gba ẹnu wọlé, nítorí náà ó máa ń gbá ọ̀tún, a tún gbá òsì, kó tó jáde. Ẹ̀gbẹ́ tó bá gbá kẹ́yìn ló ń pinnu ibi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ṣakabùlà kò fi ní àmì ìfojúsùn kankan lórí. Àmì kò lè tọ́ ọta tí kò mọ ọ̀nà. Nínú ogun, ọ̀pọ̀ jagunjagun kì í tilẹ̀ gbé ìdí ìbọn lé èjìká. Ibi tí ọ̀tá bá pọ̀ sí ni wọ́n ń yìn ín sí. Nínú èdè Yorùbá pàápàá, bí a bá sọ pé wọ́n dojú ìbọn kọ ènìyàn, ẹnu ìbọn là ń sọ. Ojú tó ń ríran kò sí lára irin náà, ara ẹni tó dì í mú ló wà.

Ọdẹ kò lè fi ẹtù ṣòfò bí ọmọ ogun. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dí àlàfo tí ìbọn fi sílẹ̀: ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ewé gbígbẹ má dún, títí yóò fi sún mọ́ ẹran débi tí ìbọn burúkú kò fi ní tàsé. Lóru, iná orí rẹ̀ ló ń bá a ṣe ìyókù. Iná kábáàdì ni tẹ́lẹ̀, tí omi ń kán sí lára kó tó mú afẹ́fẹ́ tó ń jó jáde. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ló kù báyìí. Ìmọ́lẹ̀ náà á bá ojú ẹran, ojú ẹran á dán padà, láàrin ojú méjèèjì yẹn sì ni ọdẹ ń fojú sùn. Bí a bá ní kí a wá àmì ìfojúsùn ṣakabùlà, ojú ẹran fúnra rẹ̀ ni.

Ìbọn tó ti Birmingham wá kì í padà sí Birmingham bí ó bá bàjẹ́. Àgbẹ̀dẹ ló ń lọ, níbi tí ewìrì, ẹmú, òòlù àti omi wà. Ògún kan náà ni alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ ń bọ, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹni tó ń rọ ọkọ́ àti àdá ni yóò tún ìbọn ṣe. Ihò tí èérí ẹtù ti dí ni yóò là. Irin tó ń fò tí kò lágbára mọ́ ni yóò fi sínú iná, tí yóò sì tún ki bọ omi kó tó le. Bí igi ìdí ìbọn bá là, wọ́n á fi wáyà tàbí awọ ẹran tútù dì í. Bí awọ náà bá ti gbẹ, á fún igi náà pọ̀ ju ìṣó lọ. Níkẹyìn ó kọjá àtúnṣe: alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí rọ odindi ìbọn, ó sì ń lo páìpù àti irin ara ọkọ̀ tó ti kú láti fi ṣe ọ̀pá.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà, kò sì yẹ kí a fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Páìpù tí wọ́n ṣe fún omi kò mọ agbára ẹtù. Bí ọdẹ bá ki ẹtù jù, tàbí bí ìpẹtà bá ti jẹ irin láti inú, ọ̀pá yóò bẹ́, ìka àti ojú ẹni tó yìn ín ló sì ń kọ́kọ́ bá a lọ. Àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá mọ irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ó yẹ kí a béèrè pé, nígbà tí ayé ti ní ìbọn tó sàn jù, kí ló dé tí èyí fi dúró? Àkókò kan wà tí ìdúró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tú ká tán títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ráífù tí à ń ki láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé. Ìbọn wọ̀nyí ní ìlà nínú, wọ́n ní àmì lórí, wọ́n sì ń pa ènìyàn láti òkèèrè. Ìbàdàn, tó ti ń fi ṣakabùlà ṣẹ́gun fún ìgbà pípẹ́, rí i pé ayé ti yí padà. Ìró ìbọn lórí òkè náà ni wọ́n ti fa orúkọ ogun ọ̀hún yọ.

Àwọn ará Yúróòpù náà rí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ ọdún 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí, ṣùgbọ́n ìwé náà tún de ọ̀nà tí ráífù àti ìbọn òde òní ń gbà wọ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán àti ẹtù lásán ni wọ́n gbà kí ó máa wọlé lábẹ́ ìlànà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wọ Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá fi ọdún méjèèjì yìí ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò nílò olùtumọ̀.

Òfin ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1959, tó ṣì wà títí di òní, jogún ìpín kan náà. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ìbọn arọ̀jò-ọta, ráífù ológun àti ìbọn ìléwọ́ wà nínú ọ̀wọ́ èèwọ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àti ráífù ìṣọdẹ wà nínú ọ̀wọ́ kejì tó ń gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu wà ní ọ̀wọ́ kẹta, èyí tí òfin rẹ̀ rọ̀ jù.

Nǹkan kan tó ń pani lẹ́rìn-ín wà nínú ìpín náà. Ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pa àdàbà àti àparò, wà ní ọ̀wọ́ kejì pẹ̀lú ráífù ìṣọdẹ. Ìyẹn ni pé ìbọn tó ń pa ẹyẹ ń gba àṣẹ tó ga ju èyí tó lè pa ẹfọ̀n lọ. Birmingham kan náà ló tún kan èyí: ilé iṣẹ́ BSA, tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn ìlú náà dá sílẹ̀ ní 1861, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ ní 1905. Kò sí ẹtù nínú rẹ̀. Sípíríǹgì ló ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, afẹ́fẹ́ ló sì ń ti ọta jáde. Awọ róbótó kan ló ń dí i kí ó má jò. Bí awọ náà bá gbẹ, ọta á máa já sílẹ̀ kó tó dé ibi tí a rán an. Ó ní àmì níwájú, ó ní lẹ́yìn: bí ọta bá ń ṣí sí òsì, ẹni tó mọ̀ ọ́n á yí àmì ẹ̀yìn díẹ̀ sí ọ̀tún, á tún yìn ín wò. Iṣẹ́ sìkúrúù àti sùúrù ni, kì í ṣe iṣẹ́ iná àti òòlù. Ọgbọ́n yẹn gan-an ni òfin kò jẹ́ kó di ti àgbẹ̀dẹ, nítorí pé ìbọn tó nílò rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wá síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ìjọba fojú kéré ṣakabùlà pátápátá. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde lórí owó orí ní 1968 àti 1969, òun ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ìgbà náà kò dojú kọ irú ìbọn tó ń rìn nínú igbó lónìí.

Nígbà tí àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Sẹ́rẹ́ ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ wọ inú rẹ̀, ìbọn ọdẹ sì bá wọn wọlé. Ní 2022, Rotimi Akeredolu, gómìnà Oǹdó nígbà náà, fi ìbínú béèrè ìdí tí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn fi lè fọwọ́ kan AK-47 tí a sì ń kọ̀ ọ́ fún Àmọ̀tẹ́kùn. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Àwọn kan ń bẹ̀rù, kì í sì í ṣe láìnídìí, pé ìbọn tó bá pọ̀ nílùú lè yí padà di ti olè. Ẹni tó sun Igangan mọ́jú kò ní ìgbà láti gbọ́ ìyẹn.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnì kan wà tí kò sí nínú ìjíròrò. Òfin 1959 kò fi mọ sórí níní ìbọn. Ó tún fi rírọ ìbọn, títò ó pọ̀ àti títún un ṣe sábẹ́ àṣẹ ìjọba. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iná bá ti gba orí ọ̀dàn láàrin Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà, àwọn ọdẹ á tún gbé ìbọn wọn lọ sí àgbẹ̀dẹ, èyí tí apátí rẹ̀ ti yọ àti èyí tí ihò rẹ̀ ti dí. Ọdẹ lè ní ìwé ní àpò. Bí alágbẹ̀dẹ tó gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ní tirẹ̀, láti ìgbà tó bá ti fi òòlù kàn án ló ti di arúfin.