Ta Ni Yóò Dájọ́ Ọ̀rọ̀? Àyẹ̀wò Èrò lórí Òmìnira Ọ̀rọ̀ Sísọ lórí Ayélujára ní Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de Twitter lọ́dún 2021 ni àríyànjiyàn ti ń gbóná lórí ibi tí ó yẹ kí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ mọ. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ èrò mẹ́ta tí ó lékè wò, ó sì fi wọ́n wé àwọn òfin tí ó ti jáde láti 1984 títí di 2024. Ohun tí a rí ni pé ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pé ọ̀rọ̀ ní ààlà. Ẹni tí yóò sọ pé a ti kọjá ààlà náà ni ìjà wọn dá lé.

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari mẹ́nu ba ogun abẹ́lé lójú òpó Twitter, ó sì fi halẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ń ba dúkìá ìjọba jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ilé iṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Lai Mohammed, mínísítà fún ètò ìròyìn, kéde pé ìjọba ti fòfin de Twitter. Ojú òpó Twitter kan náà sì ni ilé iṣẹ́ mínísítà náà ti kéde rẹ̀. Ọjọ́ 222 kọjá kí wọ́n tó ṣí i padà ní oṣù Kìíní 2022. Láàárín ìgbà náà, VPN ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń wọlé.

Èrò kìíní: irọ́ a máa pani

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ìjọba ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nígbà àrùn Ebola ní 2014, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kiri pé kí á mu omi iyọ̀, kí á sì fi wẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ pa ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà kò bá irú irọ́ yìí mu. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù méje náírà sí orí ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ láti múnú bí ẹlòmíràn tàbí láti fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn gbà pé òótọ́ ni, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni. Abala náà kò lè mú wọn. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ tí inú gómìnà kò dùn sí ni ó rọrùn fún un láti mú.

Èrò kejì: ẹni tí ó pẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá a

Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé àríyànjiyàn tiwọn lé abala 39 nínú ìwé òfin 1999, tí ó fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí Òfin Ológun Kẹrin ti 1984, nígbà tí Buhari jẹ́ olórí ìjọba ológun. Òfin náà fi ìjìyà sí orí ìròyìn tí ó bá lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn The Guardian, ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀, ilé iṣẹ́ wọn sì san ìtanràn 50,000 náírà.

Nígbà méjèèjì, ní 1984 àti ní 2021, ìjọba tí ọ̀rọ̀ dùn ni ó tún fìyà jẹni. Àwọn àgbà ka agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sí òṣìkà. Kí ni a ó wá pe ẹni tí ó pẹjọ́ tí ó sì tún dá a? Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ìhà yìí láre: ní oṣù Kẹta 2022, ó pàṣẹ kí Nàìjíríà tún Abala 24 ṣe, ní oṣù Keje ó sì dá a lẹ́jọ́ pé títì tí wọ́n ti Twitter pa kò bófin mu.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ìjọba kò tilẹ̀ dúró de ọ̀rọ̀ kankan. Ní 2018 ó bu owó orí lé lílo àwọn ojú òpó bíi Facebook àti WhatsApp, fáràǹkì CFA márùn-ún lórí mẹ́gábáìtì kan. Ariwo aráàlú ni ó mú kí ó fagi lé e. Ní ọjọ́ ìdìbò 28 oṣù Kẹrin 2019, íntánẹ́ẹ̀tì dákú jákèjádò ìlú.

Èrò kẹta: ta ni ó fi Twitter jọba?

Ìhà yìí ni a kì í sábà gbọ́ dáadáa, torí pé ẹnu ìjọba ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ tí ó pa ọ̀rọ̀ Buhari rẹ́ ni ó lé Donald Trump kúrò lójú òpó náà ní oṣù Kìíní ọdún kan náà. Ẹnikẹ́ni kò dìbò yan àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni èyí, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bi í kò fi ilé ẹjọ́ dáhùn rẹ̀: ó gba àṣẹ lọ́wọ́ aládàáni, ó sì kó o sínú àpò ara rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2024, wọ́n tún Abala 24 ṣe. Wọ́n yọ ìwọ̀sí àti ìbínú kúrò. Ní ti irọ́, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti wu ẹ̀mí léwu ni ó kù. Ìlọsíwájú ni, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni ó tún sọ. Kò tíì sọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò ó. A dábàá pé kí adájọ́ rí ọ̀rọ̀ kí ọlọ́pàá tó rí ẹni tí ó sọ ọ́, kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Twitter (tí ó ń jẹ́ X láti 2023) náà sì máa sọ ìdí tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní èdè tí ẹni tí ó kọ ọ́ gbọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ bíi ti omi iyọ̀, ẹ̀wọ̀n kò lè wò ó sàn. Dókítà tí ó bá tètè sọ òótọ́ lórí rédíò, ní èdè tí ìyá ń sọ nílé, ni ó lè bá irọ́ náà kí ó tó dé ìdí ìkòkò omi.