Ayò Nínú Ẹ̀rọ: Ìtàn Eré Kan láti Ojú Ọpọ́n dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Láti 1988 ni ìlú Ouagadougou, tí í ṣe olú-ìlú Burkina Faso, ti ń gbàlejò ọjà iṣẹ́ ọnà ńlá tí a mọ̀ sí SIAO. Ọdún méjì-méjì ni a ṣètò ọjà náà fún, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ sì máa ń wá síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, láàárín ère, ìlù àti àpótí ìjókòó, ni ènìyàn ti ń rí pátákó gígùn tí a gbẹ́ ihò méjìlá sí. Àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní awalé. Àwọn Akan ń pè é ní oware. Àwọn elédè Manding ń pè é ní wari. Yorùbá sì ń pè é ní ayò. Àlejò tí ó rà á lè rò pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lásán ni òun rà, èyí tí kò bá ayé ẹ̀rọ tan. Bẹ́ẹ̀ ìtàn fi hàn pé eré yìí wà lára àwọn eré tí ó tètè wọ inú kọ̀ǹpútà, ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó di ohun èlò inú ilé.

Lóde òní, àárò àwọn eré kọ̀ǹpútà ìgbà àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ tí ó ti lé ní ogójì ọdún jọ, wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n sì ń pàtẹ wọn fún ìran tuntun láti wò. Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ni a sábà máa ń fi ìtàn náà sí. A kì í gbọ́ orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú rẹ̀. Àròkọ yìí yóò tọpasẹ̀ ayò láti ojú ọpọ́n dé ojú ẹ̀rọ, kí ohun tí ẹ̀rọ mú lára rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀ lè hàn kedere. Èdè ni ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ayò lójú ọpọ́n

Ọpọ́n ayò ní ilé 12, mẹ́fà ní iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó kàn láti ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tí ó tẹ̀lé e. Bí èyí tí ó gbẹ̀yìn bá sọ iye ọmọ inú ilé alátakò di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìhà ẹnì kejì sílẹ̀ lófìfo nígbà tí ó lè fún un ní ọmọ. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí.

Ìlànà yìí kò le láti kọ́. Èdè tí a fi ń ta á ni ó jinlẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ayò ní ìkíni tirẹ̀: “Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.” Ìdáhùn tí yóò gbà ni pé: “Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn.” Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta dé ògóńgó, òpè ni ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ta ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀ta, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ohùn sì ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀tá tí ń bá ni jà àti sí ọta ìbọn. Ilé tí ọmọ ayò kún inú rẹ̀ bámúbámú ni odù. Bí ẹni méjì bá jẹ iye kan náà, ọ̀mì ni. Ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀mì, ti kúrò lójú ọpọ́n lọ sí orí pápá: òun ni àwọn oníròyìn eré ìdárayá ń lò nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì kò bá lè borí ara wọn.

Àwọn òwò ẹrú gbé eré yìí kọjá òkun. Ní 1932, Melville Herskovits kọ̀wé nípa wari ní àwọn ilẹ̀ tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ. Ní Antigua, wọ́n ṣì ń ta á títí di òní ní orúkọ warri. Ní 1927, nínú ìwé Rattray lórí ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà àwọn Ashanti, G. T. Bennett tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ni ó kọ orí tí ó dá lórí wari. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé iye tí ó fara pamọ́ sínú eré náà ni yóò fa àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun mọ́ra jù.

Láti Kalah dé Awari

Ará Amẹ́ríkà kan, William Julius Champion, ni ó ṣe ẹ̀dà eré oníhò tí ó pè ní Kalah, ó sì ń tà á ní àárín ọ̀rúndún ogún. Ó fi ilé ìkẹ́rùsí kọ̀ọ̀kan kún ìkángun ọpọ́n méjèèjì, níbi tí òṣèré ń kó èrè rẹ̀ sí. Ẹ̀dà yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mú. Ní 1964, Richard Russell kọ ìjábọ̀ kan ní Stanford lórí ètò kọ̀ǹpútà tí ń ta Kalah. Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá ni bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ronú síwájú kí ó tó yan ibi tí yóò gbà, eré tí gbogbo nǹkan rẹ̀ wà lójú táyé sì bá iṣẹ́ náà mu.

Ní 1973, ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation tẹ ìwé tí David Ahl ṣàkójọ, 101 BASIC Computer Games. Eré kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ Awari, orúkọ Geoff Wyvill, ará Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a sì fi sí i. Ìwé náà sọ pé eré àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ 36, ilé ìkẹ́rùsí méjì sì wà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn bá sì bọ́ sínú ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀ yóò tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ wa ni wọ́n mú. Ìlànà Kalah ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀.

Ètò náà ní ọgbọ́n kan tí ó yani lẹ́nu fún ìgbà tirẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá pàdánù, ó ń pa ìrìn eré náà mọ́ kí ó má baà tún gba ọ̀nà kan náà. Bí a bá pa ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí ó kọ́ á parẹ́.

Ní 1977 ni Apple II, TRS-80 àti Commodore PET jáde, tí kọ̀ǹpútà sì wọ inú ilé. Ní 1978 ni a tún ìwé Ahl ṣe fún irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun ni a sì sábà ń pè ní ìwé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ó tà ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé ìwé náà síwájú, wọn yóò tẹ ìlà ètò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì fi í pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni ọ̀pọ̀ tí kò fojú rí ọpọ́n ayò rí ṣe pàdé orúkọ rẹ̀. Ní 1977 kan náà ni a tẹ ìwé A. O. Odeleye lórí ayò ní Ìbàdàn, tí ó ṣàlàyé eré náà bí àwọn Yorùbá ṣe ń ta á. Ìwé méjèèjì kò mọ ara wọn.

Ilé tí kọ̀ǹpútà kò wọ̀

Ní 1984 ni ilé-iṣẹ́ Thomson gbé kọ̀ǹpútà MO5 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1985, ìjọba ibẹ̀ ṣètò láti pín nǹkan bí 120,000 ẹ̀rọ sí ilé-ìwé wọn. Ní oṣù kẹjọ 1984 yìí kan náà ni orílẹ̀-èdè Upper Volta yí orúkọ rẹ̀ padà sí Burkina Faso. Ohun tí ó jẹ ìjọba Ouagadougou lógún nígbà náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ àti ìmọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Kọ̀ǹpútà wọ́n púpọ̀ nínú ilé mẹ̀kúnnù, iná mànàmáná kò sì dé ọ̀pọ̀ ilé. Nítorí náà, àárò Commodore tàbí MO5 kò lè sọ púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dàgbà ní Ouagadougou tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà.

Fóònù alágbèéká ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ó di ti ara ẹni fún ọ̀pọ̀ wọn. Ní Burkina Faso, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gba ìwé àṣẹ fóònù ní 2000. Ní Nàìjíríà, oṣù kẹjọ 2001 ni iṣẹ́ GSM bẹ̀rẹ̀. Ní 2000 ni Nokia gbé fóònù 3310 jáde, ó sì tà ju mílíọ̀nù 120 lọ ní gbogbo ayé. Eré mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: Snake II, Pairs II, Space Impact àti Bantumi.

Ayò ni Bantumi, tàbí kí a sọ pé Kalah ni, nítorí ilé ìkẹ́rùsí méjèèjì wà níbẹ̀. Ìgbà kejì rèé tí eré ọpọ́n padà wá bá àwọn tí ó ni í pẹ̀lú orúkọ àlejò. Orúkọ náà dún bí Bantu. Yorùbá, Akan àti Mooré tí wọ́n ń sọ ní Ouagadougou kò sí nínú ẹ̀ka Bantu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí Niger-Congo kan náà ni gbogbo wọn. Ní ilẹ̀ àwọn Bantu gan-an, irú bí Uganda àti Tanzania, ọpọ́n onílà mẹ́rin, omweso àti bao, ni ó gbajúmọ̀; onílà méjì sì ni Bantumi. Ẹni tí ó bá mọ ayò ta, tí ó wá ṣí fóònù náà, yóò mọ ihò, yóò mọ ọmọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣìnà.

Ẹ̀rọ tí ó rí òpin ayò

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Netherlands padà sí ìlànà olọ́mọ 48. Ètò Lithidion, tí Victor Allis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, borí nínú ìdíje kọ̀ǹpútà. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní Amsterdam parí iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ oníṣirò 144 tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ wo gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà lójú ọpọ́n, tí ó jẹ́ 889,063,398,406, ní wákàtí 51. Àbájáde wọn ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, 24 sí 24 ni yóò jẹ́. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ọ̀mì.

Àṣeyọrí ńlá ni, ó sì yẹ kí a kan sáárá sí wọn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ipò wọ̀nyẹn, kò sí ibi tí òǹwòran ti ń bá òṣèré fa ọ̀rọ̀, kò sí ibi tí ọ̀ta ti ń fi òpè ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ènìyàn kì í ta ayò láìṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà lára ohun tí ń mú un ṣe é.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2017, wọ́n tún gbé Nokia 3310 jáde ní àwòṣe tuntun. Snake ni wọ́n fi polówó rẹ̀. A kò gbọ́ Bantumi. Bí àárò bá ń sọ ọ̀dọ́ ìgbà náà ní Ouagadougou, Cotonou tàbí Ìbàdàn, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú eré mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ti ìdí bàbá rẹ̀ wá.

Iṣẹ́ tí èyí gbé ka iwájú àwọn olùkọ́ èdè ṣe kedere. Ìlànà ayò kò ní sọnù mọ́. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ ní ẹ̀dà púpọ̀. Èdè rẹ̀ ni ó lè sọnù: ìkíni rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, orúkọ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń pe ilé, ọmọ àti ọ̀nà ìjẹ. Kí olùkọ́ gbé ọpọ́n wọ kíláàsì, kí ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ta á, kí ó sì fi ohùn náà lé àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe eré fóònù ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn lọ́wọ́. Nígbà náà, bí ẹ̀rọ bá kí ọ̀ta tí ó kí òpè, ẹni tí ó ń bá a ta yóò mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn.